Bàrékèdì tí kò ṣeé ṣí: lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ 11 tó wà ní Ìbàdàn

Ẹ̀yin alága wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ sì kú ìrọ́jú wa. Láti Akínyẹlé dé Olúyọ̀lé, láti Ìdó dé Ọ̀nà-Àrà, kò sí oṣù tí èrò kì í pé jọ lábẹ́ àkóso yín: ọdún egúngún, yídì, ìpolongo ìbò, ìsọjí, pínpín ìrẹsì, ìdíje bọ́ọ̀lù, ìwúyè. Ọ̀rọ̀ irin ìdènà tí a máa ń tò síwájú irú èrò bẹ́ẹ̀, èyí tí gbogbo wa ń pè ní bàrékèdì, ni mo bá tọ̀ yín wá. Mo mọ̀ pé ojú ọ̀nà, gọ́tà àti owó oṣù òṣìṣẹ́ ló gba ọkàn yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣáà gbọ́ mi. Oríṣi irin tí a bá tò, ibi tí a tò ó sí, àti bóyá ó ṣeé ṣí ní kíá, wà lára ohun tó ń pinnu bóyá ọmọ tó fi ayọ̀ jáde nílé láàárọ̀ máa padà wálé lálẹ́.

Kò yẹ kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ ìtàn ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2024 fún ẹnikẹ́ni nílùú yìí. Àríyá ìparí ọdún ni wọ́n ṣètò fún àwọn ọmọdé ní Islamic High School, Baṣọ̀run. Ìròyìn ìgbà náà sọ pé bí ọmọ 5,000 ni wọ́n ń retí, àwọn tó wá sì pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ 35 ló kú. Omijé wọn kò tíì gbẹ tí àwọn mìíràn tún fi kú ní ọjọ́ 21 oṣù kan náà, níbi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ ní Òkijà ní ìpínlẹ̀ Anambra àti ní Maitama l'Ábújá. Ṣáájú ìyẹn, ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, ènìyàn 31 ló kú ní Port Harcourt níbi tí àwọn èèyàn ti wá gba ẹ̀bùn. Mi ò kọ̀wé láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ohun tó kù tó wà lọ́wọ́ yín ni mo ń wò.

Iṣẹ́ yíyá kánópì, àga àti irin ìdènà fún àwọn tó ń ṣe ayẹyẹ ni mo ń ṣe ní Ìbàdàn. Èmi àti àwọn ọmọ iṣẹ́ mi la máa ń já irin sílẹ̀ kí èrò tó dé, àwa náà la máa ń kó o bí wọ́n bá ti túká. Èyí ló fi jẹ́ pé a máa ń rí ohun tí àwọn tó jókòó sórí pèpéle kì í rí: irin tó ti tẹ̀ láàárín, bàtà ọmọdé tó há sábẹ́ ẹsẹ̀ bàrékèdì, wáyà tí ẹnì kan fi so ìdènà méjì pọ̀ dan-in tí ó fi jẹ́ pé a ní láti wá ẹ̀mú-wáyà kí a tó lè tú u. Ọ̀rọ̀ wáyà yẹn dùn mí púpọ̀, mo sì máa padà sórí rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ wa gbà pé títẹ̀ mọ́lẹ̀ ló ń pa ènìyàn nínú èrò. Ó ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ òun kọ́ ló ń pa èyí tó pọ̀ jù. Onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ Amẹ́ríkà kan, John Fruin, kọ ọ́ ní ọdún 1993 pé àìrí èémí mí ló ń pa wọn, pé àwọn mìíràn tilẹ̀ máa ń kú lórí ìdúró. Àyà ni èrò ń fún pọ̀ títí tí kò fi ní lè fẹ̀ mọ́. Ẹni tó wà lẹ́yìn kò sì mọ̀ rárá pé ẹni tó wà níwájú ti ń kú lọ. Ó kàn ń sún síwájú díẹ̀díẹ̀ ni, ẹni tó wà lẹ́yìn tirẹ̀ náà ń sún. Bí ènìyàn 4 bá dúró lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà kan tó sì gùn ní mítà kan, wọ́n ṣì lè yíra padà, ìyá ṣì lè gbé ọmọ rẹ̀ kọ́ èjìká. Bí wọ́n bá di 7 lórí ilẹ̀ kan náà, kò sí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn mọ́. Èrò ló ń gbé e kiri, ibi tí èrò bá yà sí ni òun náà ń yà sí.

Àwọn àgbà Ìbàdàn mọ irú rẹ̀. Ní òpin oṣù Kẹjọ ọdún 1980, òjò ńlá rọ̀, pàǹtírí ti dí ojú odò Ògùnpa, omi sì gba àárín ilé kọjá, ó kó ẹ̀mí àti dúkìá lọ. Ohun tó dí omi náà kò dá a dúró. Ibòmíràn ló dà á sí. Irin tí a bá tò dí èrò lọ́nà láìfi ojú ọ̀nà sílẹ̀ fún un, iṣẹ́ pàǹtírí Ògùnpa ló ń ṣe.

Torí náà, tí wọ́n bá gbé àwòrán bàrékèdì wá sí ọ́fíìsì yín pé kí ẹ buwọ́ lù ú, ẹ má tíì béèrè iye tó jẹ́ àti bí irin rẹ̀ ṣe nípọn tó. Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n pé: ibo ló ti ń ṣí? Ta ló máa ṣí i? Báwo ló ṣe máa yá tó? Bí ẹni tó fẹ́ tà á kò bá lè dáhùn, ẹ jẹ́ kó gbé irin rẹ̀ padà.

Gbogbo ayé ló ti fi ẹ̀mí ènìyàn kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 1989, ní pápá ìṣeré Hillsborough ní Sheffield, odi irin ni wọ́n fi pààlà sáàárín àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù àti orí pápá. Wọ́n ṣe é kí èrò má baà ya wọ pápá, ó sì ṣiṣẹ́ tí wọ́n ní kó ṣe. Nígbà tí èrò kún àkámọ́ àárín jù, odi yẹn náà ni wọ́n fún àwọn ènìyàn mọ́. Ẹni 97 ló bá a lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n wó irú odi bẹ́ẹ̀ kúrò ní àwọn pápá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nítòsí wa níbí, ní pápá ìṣeré Accra ní Ghana, ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún ọdún 2001, ọlọ́pàá yin tajútajú sáàárín àwọn òǹwòran tó ń bínú, àwọn ènìyàn sáré lọ sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n bá àwọn géètì kan ní títì pa. Ẹni 126 ló kú. Ní Houston ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, níbi eré orin Astroworld, ẹni 10 ló kú nítorí pé èrò fún wọn pọ̀. Èyí tó kéré jù nínú wọn, ọmọ ọdún 9 ni. Bàrékèdì wà níbẹ̀, ó tilẹ̀ pọ̀. Ibi tí bàrékèdì ti yí èrò ká lápá mẹ́ta ni nǹkan ti le jù.

Ẹ jẹ́ kí a wá sórí irin gan-an.

Èyí tí a mọ̀ jù, tí ọlọ́pàá àti àwa oníkánópì ń lò, gùn ní nǹkan bí mítà 2 sí mítà 2 àtààbọ̀, ó ga ní nǹkan bí mítà 1.1, ìwọ̀n rẹ̀ sì máa ń súnmọ́ kílò 20. Ìkọ́ wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, òrùka wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. A máa ń gbé ìkọ́ ti ọ̀kan sọ̀ kalẹ̀ sínú òrùka ti ìkejì, wọ́n á sì di ara wọn mú. Ó dára, mo fẹ́ràn rẹ̀, òun ló pọ̀ jù nínú irin tèmi náà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó fi ọ̀nà han èrò: ẹ tò síhìn-ín, ẹ má gba ọ̀hún, mọ́tò kò gbọdọ̀ kọjá ibí. Wọn kò ṣe é kí ènìyàn 1,000 máa fi àyà tì í. Bí wọ́n bá tì í, ọ̀kan nínú nǹkan méjì ló máa ṣẹlẹ̀. Ó lè dojú dé, kí àwọn ará iwájú ṣubú lé e lórí, kí ẹsẹ̀ wọn sì há sáàárín àwọn ọ̀pá rẹ̀. Tàbí kí ìkọ́ rẹ̀ há sínú òrùka, torí pé òkè tààrà la ti ń fa ìkọ́ yẹn yọ, kò sì sí alágbára tó lè fà á yọ nígbà tí ogunlọ́gọ̀ ń tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá sọ fún yín pé “tó bá di wàhálà, a ó yọ ọ̀kan kúrò láàárín” kò tíì gbìyànjú rẹ̀ nígbà wàhálà. Ẹ ra àwọn kan tí wọ́n ṣe ní géètì láti ìbẹ̀rẹ̀, tó ní ìlẹ̀kùn tirẹ̀, tó ń ṣí síta, ìyẹn síbi tí èrò ń sá lọ, tí kò sì ní àgádágodo. Níbikíbi tí irin bá ti gùn, ẹ fi irú rẹ̀ há a láàárín, kí ènìyàn kan sì dúró tì í tí kò ní iṣẹ́ mìíràn.

Ẹ wo ẹsẹ̀ irin náà pẹ̀lú. Àwọn kan ní ẹsẹ̀ tó yọ gọngọ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, tó tẹ̀ bíi afárá kékeré. Ìyẹn dára lórí ilẹ̀ gbágungbàgun, ó sì dúró dáadáa, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ibi tí ènìyàn ń gbà kọjá ni a tò ó sí, á máa kọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Ibẹ̀ ló yẹ ká lo ẹlẹ́sẹ̀ pẹlẹbẹ, tí bàtà lè tẹ̀ kọjá. Ẹni àkọ́kọ́ tó bá ṣubú nínú èrò tó ń rìn ni àwọn yòókù máa ń ṣubú lé.

Ohun tó ń kó mi lóminú jù nípa bàrékèdì yìí ni gíga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọdé. Ọmọ ọdún 7 sábà máa ń ga ní nǹkan bí mítà 1.2. Irin òkè bàrékèdì sì wà ní mítà 1.1. Ẹ fa ọmọ kan dúró síwájú rẹ̀ kí ẹ wò ó: ẹnu àti imú ọmọ náà gan-an ni irin yẹn bọ́ sí. Àgbàlagbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ rí bàrékèdì ní ìbàdí tirẹ̀, ó lè fi ọwọ́ tì í kó ráyè mí. Ọmọ kò ní ibi tí yóò gbé ojú sí. Ó tún lè ti orí bọ àárín ọ̀pá kó há. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín: níbi ayẹyẹ ọmọdé, ẹ má to irin kankan sí iwájú ibi tí wọ́n ti ń pín nǹkan. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ jókòó sórí ẹní tàbí àga ní ẹgbẹẹgbẹ́, kí ẹ̀bùn máa bá wọn níbi tí wọ́n jókòó sí. Ẹni tó jókòó kò lè ti ẹlòmíràn. Bàrékèdì, ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ìta pátápátá ló ń gbé, lójú títì, kó máa to àwọn òbí sí ìlà kí wọ́n tó dé ẹnu géètì.

Irin iwájú pèpéle, níbi tí olórin tàbí olóṣèlú bá dúró sí, oríṣi tirẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Ìlànà ààbò pápá ìṣeré tí wọ́n ń lò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń pè ní Green Guide, fẹ́ kí irin tí èrò máa fara tì lè gba agbára tó tó kilonewton 5 lórí mítà kan níbi tí ìtì bá ti le jù. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lọ́nà tó máa yé gbogbo wa: ó tó ìwúwo àpò sìmẹ́ńtì 10, oní kílò 50, tó ń ti mítà irin kan ṣoṣo. Kí ni bàrékèdì oní kílò 20 fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Èyí tó tọ́ sí iwájú pèpéle ga ní nǹkan bí mítà 1.2, ẹ̀yìn rẹ̀ ní ọ̀pá tó fà sẹ́yìn láti tì í ró, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ní irin pẹlẹbẹ tó tẹ́ sílẹ̀ síwájú. Orí irin pẹlẹbẹ yẹn gan-an ni èrò máa dúró sí. Ìwúwo ara wọn ló ń di ìdènà náà mọ́lẹ̀, bí wọ́n bá ṣe pọ̀ tó ni kò ní ṣeé sún kúrò nídìí tó. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ pèpéle, àtẹ̀gùn kékeré máa ń wà níbẹ̀ tí àwọn alámòójútó máa dúró lé kí wọ́n lè máa wo ojú àwọn ará iwájú, kí wọ́n sì fa ẹni tó bá ti rẹ̀ kọjá sókè. Ọgbọ́n tó wà nínú irin yẹn wú mi lórí gan-an. Ní Denmark, lẹ́yìn tí ènìyàn 9 kú níbi àjọ̀dún orin Roskilde ní oṣù Kẹfà ọdún 2000, wọ́n pín iwájú pèpéle sí àkámọ́ kéékèèké, iye kan pàtó ni wọ́n sì ń jẹ́ kó wọ inú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ìtì ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá má baà dé ara ẹni tó wà níwájú.

Ẹ má wulẹ̀ lọ ra ìyẹn lókè òkun. Àwọn jórinjórin wa tó ń ṣe géètì àti àgbá omi káàkiri Ìbàdàn lè ṣe é bí a bá fún wọn ní àwòrán tó péye, tí a sì jẹ́ kí onímọ̀ ẹ̀rọ tó ní ìwé ẹ̀rí yẹ̀ ẹ́ wò kí owó tó jáde. Kí irin rẹ̀ jẹ́ èyí tí kò ní dípẹtà lẹ́yìn òjò kan. Kí àlàfo àárín ọ̀pá má ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ, òṣùwọ̀n tí wọ́n ń lò fún irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, kí orí ọmọ má lè bọ́ síbẹ̀. Kí wọ́n fọ etí irin náà kó dán. Kò gbọdọ̀ ní ṣóńṣó kankan lókè! Mo ti rí bàrékèdì oníṣóńṣó níbi ìnáwó nílùú yìí, bíi pé olè ni wọ́n ń dè. Kí ẹ tó gbà á lọ́wọ́ jórinjórin, ẹ kó àwọn ọkùnrin tó lágbára jọ, kí wọ́n dúró lórí irin pẹlẹbẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n fi gbogbo ara tì í níṣojú yín.

Ní ti àwọn oníke pupa àti funfun tí wọ́n ń tò sójú títì, mọ́tò ni iṣẹ́ tiwọn, omi ló sì ń fún wọn ní ìwúwo. Lítà omi kan, kílò kan. Bí kò bá sí ẹni tó máa gbé táńkà omi wá kún un, kó sì ṣọ́ ọ kó má jò, atẹ́gùn ọyẹ́ lásán máa gbé e kúrò níbi tí ẹ gbé e sí. Okùn àti ọparun, ẹ lò wọ́n níbi tí èrò bá kéré tó sì fọkàn balẹ̀, bí ìsìn òpópónà tàbí ìpàdé àdúgbò.

Mo ṣèlérí láti padà sórí wáyà. Bí ìkọ́ bá ti dá tàbí òrùka bá ti já, ohun tí àwọn ènìyàn máa ń ṣe ni kí wọ́n fi wáyà tí àwọn bíríkìlà ń fi di irin so bàrékèdì méjì pọ̀. Ó máa ń le dan-in, ó sì máa ń wù wọ́n bẹ́ẹ̀. Láti ìṣẹ́jú yẹn lọ, ẹ ti mọ odi, odi tí kò ní ìlẹ̀kùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi òfin dè é. Bàrékèdì tí ìkọ́ rẹ̀ bá ti dá, ẹ dá a padà sọ́dọ̀ jórinjórin. Kò yẹ ní ohun tó ń lọ síwájú èrò. Bákan náà ni àsíá ìpolówó tí a máa ń ta bo bàrékèdì, tí àwòrán àwọn èèkàn ìlú àti àwọn onígbọ̀wọ́ wà lára rẹ̀. Mo mọ̀ pé owó ń wọlé níbẹ̀. Aṣọ yẹn máa ń gba atẹ́gùn títí tí irin yóò fi dojú dé, ó sì máa ń bo ọmọ tó ń daku lẹ́yìn rẹ̀ mọ́ àwọn tó yẹ kó rí i lójú. Ẹ gbé àwòrán lọ sórí òpó.

Ìṣirò kékeré kan wà tí mo fẹ́ kí akọ̀wé yín máa ṣe kí ẹ tó fọwọ́ sí ayẹyẹ èyíkéyìí. Green Guide yìí kan náà ní kí á má ka ju ènìyàn 660 lọ ní wákàtí kan fún ẹnu ọ̀nà kan tó ń gba èèyàn wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ènìyàn 5,000 bá fẹ́ gba ẹnu kan ṣoṣo wọlé, wákàtí 7 àtààbọ̀ kò ní tó wọn. Ta ló máa ní sùúrù bẹ́ẹ̀ nígbà tó gbọ́ pé ẹ̀bùn kò ní kárí? Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n wọlé láàárín wákàtí kan, ẹ nílò ẹnu 8. Ìlà 8 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní mítà 20 ń fẹ́ ọwọ́ ìdènà 9, ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ irin 8 tó gùn ní mítà 2 àtààbọ̀. Àpapọ̀ rẹ̀, irin 72. Iye yẹn ló yẹ kí ó wà níbẹ̀ kí ẹyẹ tó ké, torí pé kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ to irin sáàárín èrò tó ti pé jọ. Ìjáde náà ní ìṣirò tirẹ̀: ènìyàn 82 ló lè gba mítà kan kọjá ní ìṣẹ́jú kan lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Géètì tó fẹ̀ ní mítà kan yóò gbà ju wákàtí kan lọ láti tú 5,000 sílẹ̀. Bí iná bá sọ tàbí ìjà bá dé, ìṣẹ́jú 8 ni ìwé náà fi ṣe òpin ìgbà tó gùn jù, ìyẹn sì ń fẹ́ ìjáde tí àpapọ̀ fífẹ̀ rẹ̀ súnmọ́ mítà 8. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ mélòó nílùú yìí ló ní géètì tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? Tí géètì kò bá fẹ̀ tó, ayẹyẹ náà kò gba ibẹ̀, bàrékèdì kankan kò sì lè tún un ṣe.

Ẹ wá rò ó ti gbọ̀ngàn Mápó. Ìlú wa kún fún òkè, orí òkè sì ni gbọ̀ngàn yẹn wà. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025 tí wọ́n fi Ọba Ráṣídì Ládọjà jẹ Olúbàdàn níbẹ̀, gbogbo ayé ló rí bí èrò ṣe pọ̀ tó. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ yóò tún wá. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ìwúwo ara ènìyàn ló ń tì í sísàlẹ̀ kó tó di pé ẹnikẹ́ni tì í, torí náà irin tí a bá gbé dábùú ìsàlẹ̀ òkè ló máa gba gbogbo ìtì yẹn. Ẹ má gbé irin dábùú ojú ọ̀nà tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti Mápó lọ sí Ọjà'ba tàbí Bẹẹrẹ. Ẹ tò ó lóòró, kó bá ojú ọ̀nà lọ, kí àwọn tó ń gòkè gba ẹ̀gbẹ́ kan, kí àwọn tó ń sọ̀ gba ìkejì, kí ọ̀nà áḿbúláǹsì sì wà láàárín tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dúró sí, títí kan mọ́tò àwọn ìjòyè àti ẹ̀yin alága fúnra yín. Ẹ dárí jì mí, mo ní láti sọ ìyẹn síta. Ọ̀pọ̀ ìgbà, mọ́tò ńlá tí wọ́n gbé sẹ́nu géètì ló ń di ìdènà tí kò sí nínú ètò.

Ẹni tó ń ṣọ́ irin ṣe pàtàkì bí irin náà. Mi ò sọ pé ẹni tó mú pàṣán dání o. Ẹni tó wọ aṣọ tó hàn, tó ní fèrè àti ẹ̀rọ agbóhùnsọ́nà, tó ń wo ojú àwọn ènìyàn, tó mọ̀ pé bí àwọn ará iwájú bá ti ń gbé ọwọ́ sókè tí wọn ò sì lè sọ̀rọ̀, kò gbọ́dọ̀ dúró gba àṣẹ kó tó ṣí géètì. Lílù kò ṣàǹfààní kankan níbẹ̀, torí ẹni tó wà níwájú kò lè padà sẹ́yìn bó tilẹ̀ fẹ́ padà. Ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá ló yẹ ká bá sọ̀rọ̀, òun sì kọ́ ni pàṣán lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Amọ̀tẹ́kùn, Sífù Difẹ́ǹsì, Red Cross, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ àdúgbò, gbogbo wọn ló ṣeé kọ́ ní iṣẹ́ yìí kí ọjọ́ ayẹyẹ tó dé.

Ìbéèrè mi lọ́wọ́ yín kò pọ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ kan kò ní láti dá ra gbogbo rẹ̀, ẹ̀yin 11 lè pawọ́ pọ̀ ra irin ìlà, irin géètì àti irin iwájú pèpéle, kí ẹ kó wọn sí ibi méjì, ọ̀kan fún àárín ìlú, ọ̀kan fún ẹ̀yìn ìlú. Ẹ kọ nọ́ńbà sára ọ̀kọ̀ọ̀kan kí àwọn tó ń ra irin àlòkù má baà rà wọ́n tán. Kí ilé-ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sáláṣí tàbí ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ kó èrò jọ máa rí wọn yá ní owó pọ́ọ́kú, tàbí lọ́fẹ̀ẹ́ bó bá jẹ́ ti ọmọdé. Kí ìwé àṣẹ ayẹyẹ má jáde àfi bí ẹni tó ń ṣètò rẹ̀ bá ya àwòrán ilẹ̀ náà wá, tó fi ibi tí irin wà àti ibi tí irin ti ń ṣí hàn níbẹ̀, tó sì kọ orúkọ ẹni tó máa dúró tì í. Àwa oníkánópì kò ní bínú pé ẹ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa. Ẹ pè wá, a óò wá kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ yín bí wọ́n ṣe ń já a, bí wọ́n ṣe ń tò ó, bí wọ́n ṣe ń ṣí i, a kò sì ní gba kọ́bọ̀.

Oṣù Kejìlá ni àwọn ayẹyẹ ọmọdé máa ń pọ̀ jù. Jórinjórin tó bá fẹ́ ṣe irin tó dáa ń fẹ́ oṣù mélòó kan, onímọ̀ ẹ̀rọ tó máa yẹ̀ ẹ́ wò náà ń fẹ́ àyè. Mo bẹ̀ yín, kí ọ̀rọ̀ yìí wà nínú ìpàdé yín tó ń bọ̀, kí ẹ sì fi èsì rẹ̀ síta kí gbogbo ìlú gbọ́.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ ìlú,
Oníkánópì kan, ọmọ Ìbàdàn